Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: báwo la ṣe lè kó àwọn ará àdúgbò wa lọ wo Ṣúútìn ní Adámásìngbà?

Ọmọ Òkè-Adó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò. Ládùúgbò wa níbí, bí Arsenal bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ilé ìwòran ti máa ń kún kí àsìkò tó tó. Àwọn tí kò ráyè jókòó á dúró sẹ́nu fèrèsé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn tá a tún ń pè ní Ṣúútìn tàbí 3SC, bá gba àlejò ní pápá Adámásìngbà, tí kò jìnnà sí wa rárá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yìí kò tiẹ̀ ní gbọ́ pé bọ́ọ̀lù wà.

Mo bi ọmọkùnrin kan léèrè, ẹni tó lè ka gbogbo agbábọ́ọ̀lù Manchester United láìmí, pé kó dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú 3SC. Ó ronú títí, ó ní Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Ọdẹ́gbàmí tó ti fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀ láti 1984! Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wo Arsenal mọ́ o. Ìbéèrè mi ni pé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lọ wo líìgì ilé, kí ló mú yín bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú ẹlòmíràn lọ, ọgbọ́n wo lẹ dá sí i? Ẹni tí kì í lọ náà, kó sọ ìdí rẹ̀ síbí, ká lè mọ ibi tí ìṣòro wà gan-an.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, o ṣeun tó o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ tó dárúkọ Ọdẹ́gbàmí yẹn kò ṣẹ̀. Orúkọ tí wọ́n pè sí i létí láti kékeré ló mọ̀. Àwa la ò pe orúkọ àwọn tó ń gbá a lónìí sí i létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nígbà tiwa. WNDC lẹgbẹ́ yìí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó di IICC, kó tó di Shooting Stars. Ní 1976, wọ́n gba ife Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n borí, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn. Nígbà tó di March 1980, tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 ní Sùúrùlérè láti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ẹ̀kẹta, Best Ogedegbe ló ṣọ́lé. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn yìí làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbá fún. Gbogbo góòlù tá a fi gba ife náà, inú líìgì ilé ló ti wá. Ní 1992, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbá CAF Cup, tí wọ́n fi orúkọ Mọṣúùdù Abíọ́lá pe ife rẹ̀, Ṣúútìn náà ló gbà á.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ife ló ń gbé wa lọ sí pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A mọ àwọn ọmọ náà ni. A mọ ẹni tó máa ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, a mọ ẹni tí inú máa ń bí bí wọ́n bá ti fa aṣọ rẹ̀, a mọ ẹni tó fara pa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀. Bá a bá délé, ọ̀rọ̀ wọn la máa ń sọ títí oorun á fi gbé wa lọ. Ohun tí àwọn òyìnbó náà fi mú àwọn ọmọ wa nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń ròyìn fún wọn bí agbábọ́ọ̀lù yìí ṣe dàgbà, bí tọ̀hún ṣe bá kóòṣì rẹ̀ jà, bí ẹ̀kẹta ṣe fẹ́ kúrò níbi tó wà. Ẹni tí kò bá ní ìtàn kan tó ń tọ̀ lẹ́yìn, kí ló máa gbé e jáde nílé?

Ìmọ̀ràn tèmi kò gba owó. Kí ìwọ tó o bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ mọ àwọn mọ́kànlá tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù fún 3SC lọ́dún yìí. Mọ orúkọ wọn, ìlú wọn, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn. Máa sọ̀rọ̀ wọn nílé ìwòran, níwájú onígbàjámọ̀, nínú ọkọ̀. Mú ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, kí o ròyìn rẹ̀ títí ọ̀rẹ́ rẹ á fi fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Á bá ọ lọ.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ ṣeun bàbá, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwa obìnrin àti àwọn ọmọ, torí ẹni tó bá mú ìyá ilé lọ sí pápá, gbogbo ilé ló mú lọ.

Èrò ẹnu géètì ló máa ń dẹ́rù bà wá. Bí aago mẹ́rin bá ni bọ́ọ̀lù, tẹ́ ẹ dé ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ẹ ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá dúró di ìgbà tí bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tì yín síwá sẹ́yìn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹgbẹ́ ti ń tà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé yín lójú títì. Ẹ jókòó sábẹ́ òrùlé, oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn kò mọ ọmọdé. Ẹ mú omi dání, ẹ dé fìlà fún ọmọ, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú bébà kékeré kan, kẹ́ ẹ fi í sápò rẹ̀.

Mi kì í kọ́kọ́ mú ọmọ lọ sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbóná, irú èyí tí Rangers tàbí Enyimba tàbí Remo Stars bá wá sílé wa. Mo máa ń mú èyí tí ara ti rọ̀ díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, nígbà àkọ́kọ́ tá a lọ, ìlù ló ń wò, kò wo bọ́ọ̀lù. Àwọn onígángan àtàwọn afunfèrè wà níwájú wa, ó ń jó títí abala àkọ́kọ́ fi parí. Ní abala kejì, ẹnì kan fi agbára gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, gólì wa fò, ó fi orí ìka tì í gba òkè igi kọjá. A sún mọ́ ọn débi pé a gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù yẹn lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dìde fò. Láti ọjọ́ yẹn lọmọ ti ní gólì lòun máa jẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù sí i lẹ́yìnkùlé.

Ẹjọ́ kan tí mo ní ni ti ilé ìyàgbẹ́. Mo ti dé pápá kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí kò sómi, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣe é tì. Ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí obìnrin ní pápá yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ọmọ Sùúrùlérè

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ká sọ ìdí tá ò fi ń lọ, mo sì fẹ́ sọ òótọ́. Rẹfirí àti onílé máa ń gbọ́ra wọn yé jù. Àwọn pápá kan rí pálapàla, bọ́ọ̀lù kò lè yí geere lórí wọn. Wọ́n á ní Sátidé ni bọ́ọ̀lù, wọ́n á tún sún un sí Sọ́ńdè. Bí ọmọ kan bá sì fi lè mọ̀ ọ́n gbá, kéèyàn tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, ó ti lọ sí orílẹ̀-èdè míì. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wò, mò ń wò ó kí inú mi lè dùn ni. Mi ò fẹ́ lọ máa ṣàánú ẹnikẹ́ni ní pápá.

Tíṣà Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ ò ṣeé jù dànù, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò ó tí wọn ò lè sọ ọ́. Jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ hàn ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ogún ẹgbẹ́ ló wà nínú líìgì àgbà wa, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá ní sáà kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Owó oṣù agbábọ́ọ̀lù, owó epo ọkọ̀, owó ibi tí wọ́n ń sùn bí wọ́n bá rìnrìn àjò, inú ìṣúná ìjọba ló ti ń jáde. Èèyàn kún pápá o, pápá ṣófo o, kò sí ohun tó kan ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni ìṣòro tó o kà sílẹ̀ yẹn ti ń wá. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ti ọwọ́ wa wá kò ní ronú wa kó tó yí ọjọ́ bọ́ọ̀lù padà, kò sì ní ronú pé kí jẹ́sí wà ní títà fún wa.

Àjọ dídá ni ọ̀rọ̀ yìí jọ lójú mi: ẹni tí kò dá owó kò lẹ́nu láti béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa kó o. Bí owó ẹnu géètì àti owó jẹ́sí bá bẹ̀rẹ̀ sí í jọjú, ohùn wa á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ṣùgbọ́n kéèyàn sanwó kó sì dákẹ́ kò tó. Ẹ kó ara yín jọ, kẹ́ ẹ kọ ìwé sí ẹgbẹ́ ìlú yín, kẹ́ ẹ béèrè nǹkan tó ṣe é dá lóhùn: kí wọ́n kéde ọjọ́ bọ́ọ̀lù lásìkò, kí wọ́n gbé orúkọ àti àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ta jẹ́sí gidi ní géètì. Ìwé tí ogún èèyàn fọwọ́ sí le ju ariwo tí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn pa lórí Facebook.

Ní ti rẹfirí, lọ́pọ̀ ìgbà ìbẹ̀rù ló ń mú wọn ṣègbè fún onílé. Bí jàǹdùkú bá yí pápá ká, tí kò sí fídíò tó ń ká ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ta ni ẹ̀rù kò ní bà? Níbi tí àwọn ìdílé bá pọ̀ sí, tí àwọn èèyàn ń fi fóònù ya bọ́ọ̀lù, ọkàn rẹfirí máa ń balẹ̀. Ìdí kan rè é tí mo fi fara mọ́ ohun tí Ìyá Ìbejì sọ.

Àwọn míì tún máa ń sọ pé àwọn ọmọ líìgì ilé ò mọ̀ ọ́n gbá. 10 February 2013, ní Johannesburg, a na Burkina Faso 1 sí 0, a gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Sunday Mba ló gbá a wọlé, líìgì ilé ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà yẹn. Òun náà ló gbá èyí tó lé Côte d'Ivoire ti Drogba padà sílé. Mẹ́fà ni Stephen Keshi, kóòṣì Nàìjíríà nígbà náà, mú nínú líìgì wa lọ síbi ìdíje náà, Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́ sì wà lára wọn. Ẹni tó ń lọ wo Sunshine l'Ákùúrẹ́ ti mọ ìrìn ọmọ yẹn kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ráṣídì Yẹkínì náà wọ aṣọ Ṣúútìn, ó wọ ti Abíọ́lá Babes l'Abẹ́òkúta, kó tó di ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà ní World Cup 1994. Pé wọ́n máa ń lọ yẹn, òótọ́ ni, ó sì ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ṣe torí wọ́n máa lọ lá ò ṣe ní rí wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ wa?

Ìkẹ́nnẹ́ Tiwa

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ní April 2025, Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Ilé wa níbí ni wọ́n ti na Niger Tornadoes 1 sí 0 láti fi gbà á, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ṣì kù nílẹ̀. Ọdún méjì tẹ̀léra ni wọ́n ti ń ṣe ipò kejì ṣáájú ìgbà náà. Ṣúútìn fúnra rẹ̀ kò tíì gba líìgì láti 1998, torí náà ẹ ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn kan máa ń sọ pé owó Kúnlé Soname tó ni ẹgbẹ́ náà ló ṣe é. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti 2004 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fara da á títí. Wọ́n ní pápá tiwọn, wọ́n ń tọ́jú koríko rẹ̀. Kóòṣì tó bá wọn gba líìgì náà, Daniel Ògúnmódẹdé, wọn ò lé e lọ nígbà tí ife bọ́ sọ́nù. Wọ́n ń tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dàgbà, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ obìnrin.

Ti àwọn ọmọ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé, ó di dandan kó mọ ìgbà tí àwọn àgbà máa gbá. Bí ẹgbẹ́ ọmọdé kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ bá ẹgbẹ́ ìlú yín sọ ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa ṣa bọ́ọ̀lù létí pápá. Ọmọ kan tó bá ju bọ́ọ̀lù sí agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lónìí, bàbá, ìyá, àbúrò àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jókòó sókè lọ́hùn-ún, wọ́n á máa nawọ́ sí i.

Onílé Ìwòran Àpáta

Èmi tí mo ń kọ èyí, ilé ìwòran ni mo fi ń jẹun, torí náà ẹ má rò pé ọ̀tá yín ni wá. Mo ní pátákó dúdú kan tí mo máa ń gbé síta, tí mo fi ń kọ Liverpool àti Madrid àti aago wọn. Mo kàn fi ìlà kan kún un lókè pátápátá: ṢÚÚTÌN, SỌ́ŃDÈ, AAGO 4, ADÁMÁSÌNGBÀ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró kà á. Bí bọ́ọ̀lù bá ti parí, mo máa ń nu aago yẹn kúrò, mo á kọ iye tí wọ́n gbá síbẹ̀, mo á kọ orúkọ ẹni tó gbá a wọlé gàdàgbà-gadagba sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí bàbá sọ nípa orúkọ yẹn, òdodo ni. Àwọn oníbàárà mi ti ń jiyàn báyìí lórí ẹni tó yẹ kó máa gbá pẹnárítì fún 3SC.

Àsìkò náà kò sì le bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù wa bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ó ti parí kí aago mẹ́fà tó lù. Bọ́ọ̀lù òyìnbó tó máa ń gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, aago márùn-ún ààbọ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá kúrò ní Adámásìngbà á ṣì bá abala kejì lọ́dọ̀ mi. Mo tún ṣe nǹkan kan: ẹni tó bá fi àjákù tíkẹ́ẹ̀tì 3SC hàn mí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo máa ń dín owó ìwọlé rẹ̀ kù. Kò pa mí lára. Wọ́n ń dé pẹ̀lú ìròyìn lẹ́nu, àwọn tí kò lọ á sì máa bi wọ́n léèrè. Ẹ bá onílé ìwòran tiyín sọ ọ́, kẹ́ ẹ fi sùúrù sọ ọ́.

Ọmọ Ìkòròdú

Tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ikorodu City bọ́ sínú líìgì àgbà ní 2024, ṣùgbọ́n Oníkan, ní pápá Mọbọ́lájí Johnson, ni wọ́n ti ń gba àlejò. Láti Ìkòròdú dé Oníkan, ẹ mọ ohun tí ọ̀nà Èkó lè fojú èèyàn rí. Ohun tá a ṣe ni pé a kó ara wa jọ, a háyà bọ́ọ̀sì kan, a pín owó rẹ̀. Ọkọ̀ náà gan-an ti ń dùn ju bọ́ọ̀lù lọ nígbà míì, orin ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ tún wo ohun tí Sporting Lagos ṣe. 2022 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọjọ́ bọ́ọ̀lù ní Oníkan di òde: orin, jẹ́sí tó rẹwà tí ọ̀dọ́ lè wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ, oúnjẹ. Wọ́n já kúrò nínú líìgì àgbà ní 2024, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ fẹ́ ibi tó ti lè rí ọ̀rẹ́, tó ti lè ya fọ́tò. Ẹ má fi ìyẹn bú wọn.

Àdùkẹ́ Gólì

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ń pe líìgì, ẹ máa rántí ti àwọn obìnrin. Ní July 2025, tí Super Falcons, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, na Morocco 3 sí 2 ní Rabat, tí wọ́n gba ife Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, Rasheedat Àjíbádé ni kápútẹ́nì. FC Robo l'Ékòó ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó lọ sókè òkun. Asisat Oshoala náà gba FC Robo kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbá a níbẹ̀, ẹsẹ̀ mélòó ló pé láti wò wọ́n? Remo Stars Ladies wà ní Ìkẹ́nnẹ́ báyìí, èrò wọn kì í pọ̀, kò sì sí ìtìkiri kankan. Ìyá Ìbejì, ẹ mú ọmọ yín tó fẹ́ jẹ́ gólì yẹn lọ wò wọ́n.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Àdùkẹ́, o ti bá mi yanjú ìsinmi ọmọ. Ó dẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé obìnrin lè jẹ́ gólì.

Ará Peckham

Mo kí yín láti London. Ohun kan tí mo rí níbí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn òyìnbó fúnra wọn, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sáré tẹ̀ lé Arsenal. Ẹgbẹ́ kan wà nítòsí mi, Dulwich Hamlet. Inú líìgì kékeré ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, ẹ ò lè rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n nílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, bàbá, ìyá, ọmọ, ajá, gbogbo wọn á ti so ìborùn aláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn mọ́rùn. Aládùúgbò mi sọ fún mi pé bàbá òun ló kọ́kọ́ mú òun lọ. Àwọn tá a ń wo ẹgbẹ́ ńlá wọn nílé, tiwọn tó wà lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń wò.

Ẹ̀yin tá a jọ wà lókè òkun, bẹ́ ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ẹ fi owó tíkẹ́ẹ̀tì kún un fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ láti pápá. Kò wọ́n rárá. Bẹ́ ẹ bá sì wálé nígbà Kérésì, ẹ yà sí pápá lọ́jọ́ kan.

Ará Àjàṣẹ́

Lọ́dọ̀ wa ní Porto-Novo náà, ẹjọ́ kan náà ni. Dragons de l'Ouémé ló gba líìgì ilẹ̀ Benin jù, ṣùgbọ́n PSG lọmọdé mọ̀. Mo ti mú ọ̀rọ̀ pátákó yẹn. Ẹ ṣeun.

Alátìlẹ́yìn Tòótọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó èèyàn tuntun wá, ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìwà ní pápá. Bí wọ́n bá ju ọ̀rá omi kan péré sí rẹfirí, ẹgbẹ́ wa ló máa san owó ìtanràn. Bó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè yọ máàkì, wọ́n lè lé wa lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú onílùú, wọ́n lè ní ká gbá a láìsí èrò. Ẹni tó ní òun nífẹ̀ẹ́ Ṣúútìn tó wá sọ òkúta, ẹgbẹ́ náà ló sọ ọ́ lù.

Ẹ kí àlejò. Àwọn ọmọ tó wá bá wa gbá a, ojú ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń sùn kí wọ́n tó dé, inú bọ́ọ̀sì, láti Maiduguri tàbí láti Port Harcourt, nínú ewu ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀. Bí wọ́n bá gbá èyí tó dára, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo ti rí i tí gbogbo apá kan Adámásìngbà dìde pàtẹ́wọ́ fún ọmọ àlejò kan tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ẹni mẹ́ta. Ọmọ náà wo òkè, ó tẹrí ba fún wa. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí ẹni pé àwa la borí lọ.

Ọmọ Òkè-Adó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú làákàyè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, bàbá. Mo ti bá onílé ìwòran àdúgbò wa sọ̀rọ̀ nípa pátákó, ó ní kí n máa wá kọ ọ́ fúnra mi lálaalẹ́ Jímọ̀, òun á fún mi ní ṣọ́ọ̀kì. Ọmọkùnrin tó dárúkọ Ọdẹ́gbàmí yẹn ló ní òun á máa bá mi yẹ ọjọ́ bọ́ọ̀lù wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a má bàa kọ èyí tí wọ́n ti sún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, Sọ́ńdè tí 3SC bá tún wà nílé, ẹ jẹ́ ká pàdé lábẹ́ bíríìjì Mọ́kọ́lá ní aago méjì ààbọ̀, ká jọ rìn dé pápá. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó dárúkọ ara rẹ̀ àti iye èèyàn tó ń mú bọ̀ sísàlẹ̀ yìí, ká lè ra tíkẹ́ẹ̀tì pa pọ̀.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kọ orúkọ mi. Èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta. Ẹ má pẹ́ kọjá aago mẹ́ta o, mo ti sọ tèmi.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Mo wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò le mọ́, ẹ rọra rìn.

Ọmọ Sùúrùlérè

Tíṣà, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì gbà pé rẹfirí máa yí padà, ṣùgbọ́n màá lọ sí Oníkan lẹ́ẹ̀kan kí n fojú ara mi rí i. Ọmọ Ìkòròdú, ibo lẹ máa ń jókòó?

Ọmọ Ìkòròdú

Lọ́dọ̀ àwọn onílù. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá pàdé rẹ lẹ́nu géètì. Ikorodu City ni kó o wá wò o, má wọ jẹ́sí Chelsea wá.